Ohun Tó Jáde Nímú Bàbá Mi

Ọwọ́ bàbá mi ló kọ́kọ́ gbéra. Ọjọ́ mélòó kan ti kọjá tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà bí ìtì igi, kò gbọ́, kò fọhùn, kò lajú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí aṣọ ìbora, ó gbọ̀n díẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ wá sí ojú rẹ̀, ó sì tún wó padà sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin la jọ rí i. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pè é nínú ilé wa, nítorí ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló sì ti di ọmọ ìjọ Aládùúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni gbogbo wa nílé. Aṣọ funfun rẹ̀ ló wọ̀ wá láàárọ̀ yẹn. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò tiẹ̀ rántí pé funfun ló wọ̀.

"Ó gbé ọwọ́," ló ń wí fún àwọn tó wà nínú wọ́ọ̀dù. "Ẹ bá mi dúpẹ́. Àbúrò mi gbé ọwọ́."

Àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ọkọ wọn níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ náà ni mò ń wò. Ó tún gbéra lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rí i pé kì í ṣe pé ó kàn ń gbéra lásán. Ó ní ibi tó ń lọ.

Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Ó ń rán tìmùtìmù, ó ń rán àpò, ó ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí abẹ̀bẹ̀ awọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ra awọ ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ẹran, ìgbà tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn máṣíìnì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni jàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Òjò ti gbẹ́ kòtò sójú títì, máṣíìnì wọ inú kòtò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi orúnkún gbo títì, bàbá mi sì fi orí lu òkúta. Wọn ò tíì jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Àwọn tó ń kọjá gbé e padà sínú ìlú, sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù. Ti aládàáni ni, kò tóbi, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ báyìí.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ dúró tì í. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ aṣọ rírán ni, mo sì ti gba ìsọ̀ kékeré kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ìyá mi ń ta abọ́ nínú ọjà náà gan-an, orúnkún sì ń dà á láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni mo di ará ojú títì. Bí mo bá sun oorun ọjọ́ méjì lórí ẹní ní Ògbómọ̀ṣọ́, màá wọ mọ́tò padà sí Ọ̀yọ́ láti lọ fi aṣọ oníbàárà lé wọn lọ́wọ́. Bí mo bá dé Ọ̀yọ́, ọkàn mi á ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀. Mò ń rán aṣọ, mò ń tú u. Bí mọ́tò bá ti kọjá lórí afárá odò Ọbà, ńṣe ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́tò bí ẹni tó ń bá dírẹ́bà sáré.

Àsìkò tí gbogbo ayé ń pariwo sáàpù ni, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n. Òwú, ìbọ̀wọ́, báńdéèjì, ọṣẹ, ẹbí aláìsàn ló ń gbé gbogbo rẹ̀ wá. Wọ́n máa ń mú iná lọ fún odindi ọjọ́, fáànù inú wọ́ọ̀dù á dúró gbagidi, ooru á sì mú. Nítorí ooru yìí ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ti ya. Lẹ́yìn fèrèsé tó wà lórí bàbá mi, igi máńgòrò kan wà tí èso rẹ̀ ń jábọ́ tó ń rà nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń da báńdéèjì àti òwú ẹlẹ́jẹ̀ sí kí wọ́n tó dáná sun ún. Òjò ò jẹ́ kí iná náà jó mọ́. Èmi náà rí gbogbo èyí. Mo rí eṣinṣin tó ń wọlé, mò ń fi aṣọ orí mi lé e nígbà tí mo bá wà níbẹ̀. Ta ni kì í rí eṣinṣin?

Wọ́n ti ki rọ́bà bọ ihò imú bàbá mi kan, ibẹ̀ ni wọ́n ń gba da ògì olómi sí i nínú. Ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ń jáde láti ihò imú kejì, wọ́n ní ìgbà tó fi orí lulẹ̀ ni nǹkan ti já níbẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ yẹn, ó dé imú. Ó fi ìka ra imú náà bí ọmọ ọwọ́ tí oorun ń kùn. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo fi aṣọ tútù nù ún, mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mo sì rí nǹkan funfun kan ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà, kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Mo rò pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Mo na etí aṣọ sí i kí n fi yọ ọ́ jáde. Ó sá wọlé.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í sá.

Mi ò sọ fún Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ lórí eékún rẹ̀. Mo rìn lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin gíga kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun àti ẹnì kan péré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀.

"Áńtí nọ́ọ̀sì," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo imú bàbá mi."

"Kí ló ṣe é?"

"Nǹkan kan ń rìn níbẹ̀."

Ó wò mí lójú. Ó gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ó fi ọwọ́ gbé orí bàbá mi sẹ́yìn, ó yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ tí wọ́n fi ń dá ojú bò bẹ́ẹ̀dì náà yíká.

"Jáde," ló wí fún mi.

"Mi ò jáde."

"Tí o bá máa dúró, má pariwo. Di orí rẹ̀ mú."

Ó lọ pe dókítà. Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà náà, kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́, ìlú òkè ló ti wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn. Ó wo imú bàbá mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú ìwé nìkan lòun ti rí irú rẹ̀ rí.

"Ìdin ni," ló wí fún nọ́ọ̀sì jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ló wí i, àmọ́ ó dé etí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn aṣọ. Ọpẹ́ tó ń dá dúró. Mo gbọ́ bí ó ṣe dìde, tí egungun orúnkún rẹ̀ dún. Ó ká aṣọ náà sápá kan, ó yọjú.

"Ìdin?" ló bi wá. "Nínú ẹni tó ń mí?"

Dókítà àti nọ́ọ̀sì rẹ òwú sínú oògùn kan tó ń ta sánsán, wọ́n fi dí imú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n dúró. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ò tó àwọn nǹkan náà mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọrí. Dókítà ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n sínú abọ́ irin tí nọ́ọ̀sì gbé dání. Mo di orí bàbá mi mú. Mi ò kà wọ́n. Mo yí ojú mi kúrò lára abọ́, mo tẹjú mọ́ iwájú orí rẹ̀, mò ń wo ìlà tó wà níbẹ̀, ìlà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó ń kérora. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

"Ó ń dùn ún," mo ní.

"Ó ń dùn ún," dókítà dáhùn. "Jẹ́ kó dùn ún. Ẹni tó ń gbọ́ ìrora, ọpọlọ rẹ̀ ti ń jí."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, nọ́ọ̀sì da omi gbígbóná sínú abọ́ náà, ó gbé e jáde. Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé. Ara mi ò gbà pé kí n dúró sójú kan.

"Ta ló ṣe é?" mo bi í. Mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó nawọ́ sí ilẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò. Eṣinṣin bò ó bí aṣọ. "Tí eṣinṣin bá bà lé ọ lẹ́nu, o máa lé e," ló ní. "Òun ò lè lé e. Ẹnu rẹ̀ ṣí, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sùn. Eṣinṣin yé síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin ń pa, kò pẹ́ rárá." Ó da ohun tó wà nínú abọ́ nù. "Má lọ sọ ọ́ káàkiri, àbúrò. Ọ̀gá á ní mi ò wo aláìsàn."

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ náà bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Má jẹ́ kí Bàbá Kékeré gbọ́ o," ló ní. "Tó bá gbọ́, á ní àwọn ọ̀tá ló sọ ọ́ sí i lára. Á gbé e kúrò níbí."

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré. Dírẹ́bà ni, ó ń na ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé, ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. A ò ráyè fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ìyàwó aláìsàn kan ti pàdé wọn ní géètì, ó sì ti kí wọn pé ẹ kú ọ̀rọ̀ ìdin. Bí Bàbá Kékeré ṣe wọ wọ́ọ̀dù, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́," ló ní. "Mo ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. A ń lọ."

"Lọ síbo?" Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò níbí ná. Mo ti mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Òkú ni ìdin ń jẹ, kì í jẹ alààyè. Ẹnì kan ló ń fi hàn wá pé òkú la gbé síbí tí à ń fún ní ògì."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi orí rẹ̀."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n máa dúpẹ́ bíi tiyín?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yí ojú sí ògiri. Dókítà dé, ó gbìyànjú. Ó mú Bàbá Kékeré lọ sójú fèrèsé, ó fi nẹ́ẹ̀tì tó ya hàn án, ó fi ilẹ̀ abẹ́ igi hàn án, ó ṣàlàyé bí eṣinṣin ṣe ń yé àti bó ṣe ń di ìdin. Bàbá Kékeré gbọ́ ọ tán.

"Dókítà, eṣinṣin wà ní Ọ̀yọ́," ló ní. "Eṣinṣin kún Akẹ̀sán. Ta lẹ rí ní Ọ̀yọ́ tí ìdin ń bọ́ nímú ẹ̀?"

"Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń lé e, bàbá."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹ bá gbé e báyìí, mọ́tò á máa gbọn orí rẹ̀ jìgìjìgì lójú ọ̀nà. Ó lè má dé Ọ̀yọ́."

Gbogbo ìgbà yìí ni mò ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ọkàn mi pín sí méjì. Mo gba dókítà gbọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n gbé bàbá mi sá kúrò nínú yàrá yẹn nísinsìnyí, màá gbé e sẹ́yìn. Èwo ni kí èèyàn ṣe nínú méjèèjì?

Ìyá mi ni kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó ti fa àpótí kan súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó mú ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ dání, ó ń wo rọ́bà tó wà nímú rẹ̀.

"Ọkọ mi," ló pe Bàbá Kékeré, nítorí ìyàwó ilé ni, kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. "Ẹni tí ẹ fẹ́ gbé e lọ bá, ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ki rọ́bà yìí?"

Bàbá Kékeré ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

"Tó bá yọ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ta ló máa kì í padà? Kí ni a óò máa fún un jẹ?"

"Ìyàwó wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lèmi ń sọ," ìyá mi wí. "Ẹni tí kò jẹun á kú, bóyá wọ́n sọ nǹkan sí i, bóyá wọn ò sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

Bàbá Kékeré dúró síbẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pupa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ níkẹyìn.

"Ó dáa. Mi ò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ò níí lọ. Ibí yìí ni màá jókòó sí, màá rí ẹni tó ń ṣe é."

Bó ṣe jókòó nìyẹn. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn abẹ̀bẹ̀ awọ bàbá mi láti inú bọ́ọ̀sì, ó jókòó síbi orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé tìfura-tìfura, àlejò, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Èrò tó yẹ kó gbé wá dúró láìsí mọ́tò, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kò sí eṣinṣin kan tó bà lé bàbá mi láti ọjọ́ yẹn. Bàbá Kékeré ò gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́ títí ó fi kú. Ó ní ìjókòó tóun jókòó síbẹ̀ ló ba ọ̀tá lẹ́rù tó fi sá lọ. A ò bá a jiyàn rí.

Èmi ò lè jókòó bíi tirẹ̀. Mo lọ sí Ọjà Igbó, mo ra nẹ́ẹ̀tì, mo sì bẹ aránṣọ kan nínú ọjà pé kó jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi rán?" ló bi mí.

"Nẹ́ẹ̀tì ni, mà. Ẹ̀fọn ń dà wá láàmú."

"Ẹ̀fọn pọ̀ lóòótọ́," ló ní, ó sì dìde fún mi.

Mo rán ti ojú fèrèsé tó wà lórí bàbá mi. Nígbà tí mo ta á tán, mo rí i pé eṣinṣin tí kò bá ráyè gba ibẹ̀ á gba fèrèsé kejì, mo padà sí ọjà. Mo rán ti gbogbo fèrèsé wọ́ọ̀dù náà. Mo rán èyí tó ń bo bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, mo tún rán fún bàbá àgbàlagbà kan tó wà níkọ̀rọ̀, tí ọmọ rẹ̀ kì í wá déédéé. Mò ń rán an bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ọwọ́ mi bá dúró, màá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ nǹkan tó ń rìn lára mi, ní etí, lábẹ́ irun, nímú. Mò ń fọn imú mi títí ó fi bó. Mo máa ń wẹ̀, màá nu ara, màá tún padà lọ wẹ̀. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìrẹsì wá fún wa lọ́jọ́ kan, ó bu tèmi sínú abọ́, mo sì sáré jáde. Ó pẹ́ kí n tó tún lè jẹ ìrẹsì.

Ìdin náà ò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún jáde ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó sì dín kù ní ọjọ́ kejì rẹ̀, lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́. Nọ́ọ̀sì gíga yẹn ló ń fọ imú náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn ti gbọ́. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tó pè é wọ yàrá rẹ̀ tó ń bá a wí, ohùn rẹ̀ ń dé ìta. Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ojú kan náà tó fi wọlé, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ fọ imú bàbá mi. Mo bá a gbé omi.

Ọ̀sán kan ni bàbá mi lajú. Ìyá mi ti padà sí Ọ̀yọ́, èmi ń ká aṣọ. Bàbá Kékeré ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá, ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́. Bàbá mi ti ń wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó rí i. Ètè rẹ̀ ń gbéra. Mo tẹ etí sí i.

"Òtútù," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Òtútù ń mú mi."

Bàbá Kékeré ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó da ojú bo aṣọ ìbora níbi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Dókítà dé bá a níbẹ̀, ó rọra padà lọ.

A gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà tó lè jókòó. Ẹnu rẹ̀ ṣì wúwo, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò sì lè di abẹ́rẹ́ mú. Ìyá mi àti Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ti pè wá jọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìdin fún un, kò gbọ́dọ̀ dé etí ará ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa dé Akẹ̀sán. Mi ò mọ ẹni tó gbé e wá. Obìnrin kan tó ti ń ra abọ́ lọ́wọ́ ìyá mi láti ọjọ́ pípẹ́ fi orí ìka mú abọ́, ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì, ó sì gbé e sílẹ̀ láìrà. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, bí mo bá ń kọjá wọ́n á dákẹ́. Ọkùnrin tó rà láàyè: bí wọ́n ṣe ń pe bàbá mi nìyẹn.

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ àlùfáà. Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, àwọn méjèèjì máa ń jókòó sábẹ́ ògiri ilé wa, wọ́n á jọ mu tíì nínú ife kan náà. Lẹ́yìn tí bàbá mi dé, àlùfáà ń wá, ó ń ṣe àdúà fún un, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé tíì wá, á ní òun ń gbààwẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn, nígbà tó lọ tán, bàbá mi pè mí. Ó ní kí n jókòó.

"Ààwẹ̀ wo ló ń gbà?" ló bi mí.

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"O mọ̀." Ó dúró kó lè kó ọ̀rọ̀ jọ. "Kí ló ṣe mí ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyá mi á yọ. Kò yọ. Mo sọ fún un. Mo sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbéra, bí a ṣe rò pé ara rẹ̀ ń yá, ohun tí mo rí, bí wọ́n ṣe yọ ọ́, bí Bàbá Kékeré ṣe fẹ́ gbé e lọ. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ òsì kan imú rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ díẹ̀, bàbá."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Dókítà ni, òun àti nọ́ọ̀sì kan. Èmi di orí yín mú."

Mo rò pé omijé ló máa kàn.

"Awọ tí iyọ̀ ò kàn, tí oòrùn ò rí, ìdin á wọ̀ ọ́," ló wí níkẹyìn. "Mo ti yọ ìdin lára awọ láti kékeré. Mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ sí awọ rí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àlùfáà jókòó, tí àwọn aládùúgbò méjì kan sì wà níbẹ̀, bàbá mi gbé ife sókè kó tó mu ún. Pẹ̀lú ẹnu wíwúwo rẹ̀ yẹn, ó sọ fún wọn. Ó ní eṣinṣin yé sí òun nímú nígbà tí òun ò mọ nǹkan tó ń lọ, ó ní ó di ìdin, wọ́n yọ ọ́, ó tán. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wo imú náà, kó wá wò ó. Ìyá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Aládùúgbò kan wúkọ́, ó ní Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àlùfáà tẹ orí ba, kò sì mu tíì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó padà wá. Nígbà tó wá, ó mú ife tirẹ̀ lọ́wọ́ láti ilé. Bàbá mi bu tíì sí i fún un. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mu ún títí, ife méjì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn obìnrin ọjà rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ nígbà tó yá. Ẹni tó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Ara tèmi ni kò balẹ̀. Mo lọ́kọ, mo bímọ, bí mo bá sì wọ ilé ìwòsàn títí di òní, ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Mo máa ń jí wo imú àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ọkọ mi ò bi mí ní ìdí rẹ̀ mọ́.

Kí ọdún tó yípo, bàbá mi ní òun fẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kí nọ́ọ̀sì náà. Ìyá mi ní kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le sí i. Kò gbà. Bàbá Kékeré ló fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé wa lọ, èmi àti bàbá mi jókòó níwájú. Ilé ìwòsàn náà ti gbé ààtàn wọn jìnnà sí ẹ̀yìn fèrèsé. Mo wọlé lọ pe nọ́ọ̀sì, mo sọ fún un ẹni tó ń dúró dè é níta. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó dúró sí òkèèrè, ó ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ló ní. "Mo rò pé ẹ wá bá wa jà ni."

"Ẹsẹ̀ mi ò gba ìjà mọ́," bàbá mi dáhùn. "Mo wá kí yín kú iṣẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí. Ó súnmọ́ wa, ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún bàbá mi, ó sì bi í bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, bóyá orí ń fọ́ ọ. Bàbá mi ń dá a lóhùn díẹ̀díẹ̀, ó sì fara balẹ̀ dúró de ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí Bàbá Kékeré fi bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè mọ́tò pé òjò ń ṣú. Nọ́ọ̀sì di bàbá mi lápá ọ̀tún, èmi di apá òsì, a rìn ín lọ síbi bọ́ọ̀sì náà.